Kòkòrò tí ń jẹ epo ní ilẹ̀ Ògóni: ta ni yóò sọ pé oúnjẹ ti tán?

Òórùn ni ó kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí ilẹ̀ Ògóni. Ọkọ̀ tí ó gbé mi kò tíì dúró tán tí ó fi gba ojú fèrèsé wọlé, ó dà bí òórùn kẹrosíìnì tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò tí òjò sì rọ̀ sí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí epo kankan. Koríko ni mo rí, àti oko gbágùúdá tí ewé rẹ̀ ti pọ́n kí àsìkò pípọ́n rẹ̀ tó tó. Mo bi awakọ̀ wa léèrè pé níbo gan-an ni epo náà wà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ wá a kiri. Orí rẹ̀ ni a wà yìí."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìrìn àjò yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi. Láti ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún 1995, nígbà tí ìjọba ológun yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn, ni orúkọ Ògóni kò ti kúrò lẹ́nu àwa oníwèé ìròyìn. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa, púpọ̀ nínú wa tí ń kọ ọ́ ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Mo wọ ọkọ̀ ní Jibówú ní ìdájí, a la Ọ̀rẹ̀ kọjá, a dé Benin, a dé Warri. Ohun tí ojú mi rí lójú títì náà tó ìwé ọ̀tọ̀, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀. Alẹ́ ti lẹ́ kí a tó wọ Port Harcourt. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tún wọ ọkọ̀ mìíràn tí ó forí lé ìhà ìlà oòrùn, sí Eleme.

Ògóni kì í ṣe orúkọ ìlú kan ṣoṣo. Ìjọba ìbílẹ̀ 4 ni ní ìpínlẹ̀ Rivers, Eleme, Tai, Gokana àti Khana, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 1,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Àgbẹ̀ àti apẹja ni wọ́n láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1958 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Bomu, lẹ́bàá ìlú K-Dere. Ní ọdún 1993, nígbà tí ìjà ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú gbóná, ilé iṣẹ́ Shell kó ẹrù rẹ̀ kúrò, kò sì fa epo níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n páìpù tí ń gbé epo ibòmíràn lọ sí Bonny ṣì gba abẹ́ ilẹ̀ wọn kọjá. Ẹni tí ó kó kúrò nílé fi ẹ̀yà ara rẹ̀ kan sílẹ̀ ní yàrá.

Ní Nisisioken Ogale, ní Eleme, mo ní kí wọ́n fi kànga hàn mí. Wọ́n mú mi lọ sí ọ̀kan tí wọ́n ti gbé páànù dé, tí wọ́n fi òkúta lé e lórí. Ní àgbègbè yìí ni àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán wá ti rí omi mímu tí benzene inú rẹ̀, èyí tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gbà lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 900. Epo tí wọ́n ti fọ̀ léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ sọ fún mi ní èdè Píjin pé, "Wọ́n wá sọ fún wa pé kí a má mu ún mọ́. Àwọn ọmọ mi ti mu ún dàgbà kí wọ́n tó wá sọ."

Ẹ̀yin ará Èkó tí ń ka èyí, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Ní Baruwa, lọ́nà Ìpájà, epo tí ó jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti ba kànga àwọn ènìyàn jẹ́ láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990. Èmi fúnra mi mọ ẹni tí ó kọ́lé síbẹ̀, tí ó sì ń ra omi mu lójoojúmọ́ nígbà tí kànga wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Ìwé tí àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn kọ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Oṣù 14 ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n yẹ ibi tí ó lé ní 200 wò. Ní ibi 49, epo ti wọ ilẹ̀ lọ tó mítà 5, ó kéré tán. Wọ́n ní àtúnṣe ilẹ̀ àti omi ibẹ̀ lè gba ọdún 25 sí 30, pé bílíọ̀nù kan owó dọ́là ni kí wọ́n kọ́kọ́ pèsè fún ọdún 5 àkọ́kọ́. Gbogbo èyí ni àwọn ìwé ìròyìn pariwo. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀, òun ni ó sì gbé mi dé Ògóni. Àwọn onímọ̀ náà mú ibi 15 tí àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ epo sọ pé àtúnṣe wọn ti parí, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò. Ní ibi 10 nínú wọn, epo ṣì wà nínú ilẹ̀ ju ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó wà kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé iṣẹ́ ti tán. Ní 8, ó ti wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀.

Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Láti Eleme ni mo ti lọ sí Gokana, sí ibì kan tí wọ́n ti ń tún ilẹ̀ ṣe lọ́wọ́. N kò ní dárúkọ ìletò náà, nítorí ọmọbìnrin tí ó mú mi káàkiri bẹ̀ mí pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ náà ni, ó kàwé nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí ní yunifásítì, ó sì wà lára àwọn tí ń bu ilẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 2016 ni Igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Òṣínbàjò, wá sí Bodo láti ṣí iṣẹ́ àtúnṣe náà. Ọdún 2019 ni katapílà tó gbẹ́ ilẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọn a gbẹ́ ilẹ̀ tí epo ti bàjẹ́, wọn a kó o jọ sórí ọ̀rá dúdú tí ó nípọn kí epo má baà tún jò wọlẹ̀, wọn a fi ṣe òkìtì tí ó dà bí ebè iṣu, àmọ́ ebè òmìrán ni. Wọn a da ajílẹ̀ sí i, wọn a wọ́n omi sí i, wọn a sì máa fi ẹ̀rọ yí i padà lóòrèkóòrè. Mo bi ọmọbìnrin náà léèrè pé oògùn wo ni wọ́n ń dà sí i tí epo fi ń tán.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, a kò da oògùn kankan sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ wa ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́, wọn kì í gba owó oṣù."

Àwọn bakitéríà ni ó ń wí. Ẹ̀kún ṣíbí tíì kan ilẹ̀ tí ó dára lè ní tó bílíọ̀nù kan nínú wọn. Àwọn kan lára wọn mọ epo jẹ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, nítorí pé epo a máa sun jáde fúnra rẹ̀ ní àwọn ibì kan lórí ilẹ̀ àti lábẹ́ òkun kí ènìyàn tó gbẹ́ kànga epo kankan. Epo ni oúnjẹ wọn, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹ̀bà tí kò ní ọbẹ̀: ó ń fún wọn lágbára, kò ní gbogbo ohun tí wọn yóò fi kọ́ ara. Ajílẹ̀ ni ọbẹ̀ náà. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n sì fi ń mí nígbà tí wọ́n bá ń jẹun. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yí òkìtì náà padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń ṣe ní Ògóni ni pé kí wọ́n kàn ro ilẹ̀ náà níbi tí ó wà, kí wọ́n da ajílẹ̀ lé e, kí wọ́n sì máa lọ. Ọkọ́ kì í dé ìsàlẹ̀ mítà 5. Lókè, ilẹ̀ a mọ́. Nísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, epo jókòó pẹ̀sẹ̀.

Bàbá kan ń ṣọ́ ibẹ̀, ó ti lé ní ẹni 70 ọdún, apẹja ni ní Bodo kí epo tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ wa láti ìdí igi tí ó jókòó sí. Ó pè mí.

"Ọ̀gá oníwèé ìròyìn, bá mi bi ọmọ mi yìí. Bí kòkòrò wọ̀nyí bá jẹ epo tán, kí ni wọn yóò tún jẹ?"

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ó ní, "Bàbá, ọmọ ilẹ̀ ni wọ́n. Bí oúnjẹ bá tán, ebi á pa wọ́n, wọn á dínkù sí iye tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀."

"Èyí tí òyìnbó bá ṣe fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n lè ṣe é."

Òótọ́ ni bàbá gbọ́. Ọmọbìnrin náà ní irú rẹ̀ kò sí nínú òkìtì tiwọn, ṣùgbọ́n òun kà nípa rẹ̀ níléèwé. Nígbà tí mo délé, mo lọ kà á fúnra mi. Àsè ọ̀rọ̀ ni.

Ananda Chakrabarty, ọmọ Íńdíà tí ń ṣiṣẹ́ fún General Electric ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ kó agbára jíjẹ oríṣiríṣi ẹ̀yà epo sínú bakitéríà kan ṣoṣo. Ní ọdún 1972 ó ní kí ìjọba fún òun ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, bí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ tuntun. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1980, adájọ́ 5 ní kí wọ́n fún un, adájọ́ 4 ní rárá. Ó gba ìwé, kòkòrò rẹ̀ kò dé ojú omi. Ẹ̀rù bà wọ́n láti tú u sílẹ̀.

Ọdún 1996 ni wọ́n tó gbà kí ẹnikẹ́ni gbé bakitéríà tí wọ́n yí ẹ̀dá rẹ̀ padà síta ní Amẹ́ríkà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Oak Ridge, ìpínlẹ̀ Tennessee, wọ́n ri àgbá ńláńlá mọ́ ilẹ̀, wọ́n da ilẹ̀ sínú wọn, wọ́n fi naphthalene àti àwọn ẹ̀yà epo mìíràn bà á jẹ́. Naphthalene yìí ni wọ́n fi ń ṣe kánfọ̀ tí àwọn ìyá wa ń kó sáàárín aṣọ. Wọ́n wá tú bakitéríà kan tí wọ́n pè ní HK44 sínú rẹ̀. Bí ó bá ti kan naphthalene, a máa tan iná pírípírí bí tanátaná, kí àwọn tí ń ṣọ́ ọ lè mọ ibi tí ó ti ń jẹun. Bí ọdún méjì ni wọ́n fi tẹ̀ lé e. Inú àgbá ni o, kì í ṣe inú oko ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè bàbá ni àwọn onímọ̀ ìlú Granada ní Sípéènì gbé lé iwájú ní tiwọn. Juan Luis Ramos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Søren Molin ará Dẹ́ńmáàkì, mú bakitéríà kan tí ń jẹ àwọn ẹ̀yà epo tí ń pani lójú bíi toluene. Ní ọdún 1991 wọ́n fi hàn pé àwọn lè fi ikú ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é bí ẹni pé nínú ilé ni. Ìkòkò májèlé kan wà nínú ilé bakitéríà náà. Orúkọ rẹ̀ ni jíìnì gef, ohun tí ó bá sì tú jáde nínú rẹ̀ a máa dá ògiri ilé lu. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan jókòó lé ìdérí ìkòkò náà. Òórùn oúnjẹ ni ó ń mú ọmọ ọ̀dọ̀ náà jókòó. Níwọ̀n ìgbà tí ìdọ̀tí epo yẹn bá wà nílẹ̀, ìdérí kò ní ṣí. Ọjọ́ tí oúnjẹ bá tán, ọmọ ọ̀dọ̀ a bá tirẹ̀ lọ, ìkòkò a ṣí, onílé a kú.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Àlejò tí ó ń palẹ̀ ẹrù ara rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, ta ni kò fẹ́ irú rẹ̀? Pàápàá ní ilẹ̀ tí àlejò ti wá, tí ó jẹ, tí ó mu, tí ó sì lọ láìpalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nínú mílíọ̀nù kan bakitéríà wọ̀nyí, nǹkan bí ọ̀kan ní ìran kọ̀ọ̀kan ni ìkòkò rẹ̀ yóò fọ́ kí ó tó ṣiṣẹ́, tí yóò sì yè. Nínú ẹ̀kún ṣíbí tíì kan tí ó ní bílíọ̀nù kan, 1,000 ni yóò ṣẹ́kù. Àwọn tí ìkòkò wọn fọ́ ni yóò sì bímọ. Àwọn onígbọràn ti kú. Wọ́n fi ìkòkò kejì kún un, ó di ọ̀kan nínú 100 mílíọ̀nù. Ní ọdún 2001, Ramos àti Ronchel tún gba ọ̀nà mìíràn mọ́ ọn: wọ́n yọ jíìnì kan tí bakitéríà fi ń mọ ògiri ara rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ṣètò pé ìgbà tí ìdọ̀tí epo bá wà nìkan ni yóò rí òmíràn lò dípò rẹ̀. Iye tí ń yè wálẹ̀, kò tó ọ̀kan nínú bílíọ̀nù. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, mo ṣí fìlà fún wọn. Síbẹ̀, mélòó ni ṣíbí tíì inú òkìtì kan ní Gokana? Bakitéríà tí ó kú pàápàá, àwọn aládùúgbò rẹ̀ lè ṣa jíìnì rẹ̀ nílẹ̀ kí wọ́n mú un lò.

Kì í ṣe ìyẹn ni ó jẹ mí lọ́kàn jù. Ohun kan ṣoṣo ni ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn mọ òórùn rẹ̀. Epo rọ̀bì kì í ṣe ohun kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀yà ni, àwọn tí ó fúyẹ́ a máa tètè jẹ tán, àwọn tí ó wúwo bí ọ̀dà a sì máa wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Ejama-Ebubu, ní Eleme kan náà, epo tí ó dà ní ọdún 1970 ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí àwọn onímọ̀ dé ibẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún. Bakitéríà tí ó jẹ ẹ̀yà tirẹ̀ tán yóò kú ní ìgbọràn, yóò gbà pé iṣẹ́ ti parí, nígbà tí ìyókù ṣì wà nínú omi ọmọdé. Ẹ rántí ibi 10 nínú 15. Kò sí bakitéríà àtọwọ́dá kankan níbẹ̀. Ènìyàn tí ó ní bírò lọ́wọ́ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé oúnjẹ ti tán.

Nàìjíríà ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2015, àjọ kan sì wà tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó tó tú irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àjọ náà ni ó fàyè gba òwú, àti ẹ̀wà tí kòkòrò kò lè jẹ ní ọdún 2019. Bí ẹnìkan bá gbé bakitéríà Granada wá béèrè àṣẹ lọ́la, èmi kò ní sọ pé kí wọ́n lé e. Ìbéèrè mi ni pé ta ni yóò máa gbẹ́ ilẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún 1, lẹ́yìn ọdún 10, ta sì ni yóò san owó rẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn sọ fún mi pé ohun tí ó ń dí àwọn lọ́wọ́ kì í ṣe pé kòkòrò àwọn kò mọ epo jẹ. Bí wọn ò bá gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó, tí páìpù sì tún jò sórí ibi tí wọ́n ti tún ṣe, kòkòrò wo ni yóò bá a yanjú?

Nígbà tí iṣẹ́ parí lọ́jọ́ náà, bàbá ní kí n tẹ̀ lé òun dé Bodo. Ní ọdún 2008, páìpù fọ́ lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀, epo sì bo odò wọn. Àwọn ará ìlú gbé ẹjọ́ náà dé London. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, Shell gbà láti san mílíọ̀nù 55 owó pọ́n-ùn, mílíọ̀nù 35 fún àwọn ènìyàn 15,600, ìyókù fún ìlú. Bàbá gba tirẹ̀. Ó fi kan òrùlé.

Omi ti fà nígbà tí a dé etí odò. Igi máńgúróòfù ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, igi omi iyọ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ ń ta lé orí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn, tí ẹja ń bímọ sí lábẹ́. Kùkùté dúdú ni ó pọ̀ jù. Láàárín wọn ni àwọn ọ̀dọ́ igi wà, tí wọ́n gbìn ní ìlà lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti fi omi fọ ẹrẹ̀ náà. Òmíràn ga tó èjìká mi, òmíràn ti kú. Bàbá ti ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ bọ ẹrẹ̀, ó fà á yọ. Omi ojú ihò náà dán bí aṣọ àlàárì ní oòrùn ìrọ̀lẹ́, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró.

Mo bi í léèrè pé ìgbà wo ni òun yóò gbà pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ó ní ìsáwùrú ni òun ń wò. Láti kékeré rẹ̀, àwọn obìnrin ilé wọn a máa ṣa á ní kùkùté kan tí ó nawọ́ sí, ẹ̀kún agbọ̀n kan kí omi tó padà dé. Lẹ́yìn ọdún 2008, kò sí ẹyọ kan. Ní gbogbo Sátidé ni ó ń wá síbẹ̀ wá wò. Ní Sátidé tí ó kọjá, ó rí 7. Ó kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn wọn, ó sì dá wọn padà sínú ẹrẹ̀.